Ta Ló Bọ́ Aṣọ Lára Ère? Ọ̀tà, Ìhòòhò àti Ìpàtẹ Iṣẹ́ Ọnà

Ẹni tó bá wọ yàrá iṣẹ́ ọnà Yorùbá nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá, ìhòòhò ni yóò kọ́kọ́ pàdé níbẹ̀. Yóò rí ère ìbejì tí abẹ́ rẹ̀ hàn kedere. Yóò rí ẹdan Ògbóni, akọ àti abo tí ṣéènì so pọ̀. Yóò rí òpó ààfin tí obìnrin tó wà lára rẹ̀ kò wọ ohun kan ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ, àti àyà onígi tí wọ́n gbẹ́ fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ìdájọ́ mẹ́ta ni àwọn òǹwòran sábà máa ń ṣe. Àwọn kan á ní ojú àwọn baba ńlá wa kò tíì là nígbà náà ni, ìyẹn ni wọn kò fi mọ ìtìjú. Àwọn kan á ní òrìṣà ni, pé kí onígbàgbọ́ òdodo má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn olólùfẹ́ iṣẹ́ ọnà á ní ẹwà ara ènìyàn ni agbẹ́gilére ń gbé lárugẹ, bí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ti ṣe. Ìdájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tako ara wọn, síbẹ̀ wọ́n fẹnu kò lórí ohun kan: pé ìhòòhò ni ère náà ti wà láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Ibẹ̀ gan-an ni mo rò pé wọ́n ti ṣìnà. Iṣẹ́ agbẹ́gilére ni láti gbẹ́ ara tó pé. Iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn ni láti bo ara náà, yálà pẹ̀lú aṣọ, pẹ̀lú osùn, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tàbí pẹ̀lú ògiri ilé tí wọ́n gbé e pa mọ́ sí. Ìpàtẹ mú apá kan nínú iṣẹ́ àjọṣe yìí, ó fi apá kejì sílẹ̀, ó sì ń pe èyí tó mú ní odindi.

Ọ̀tà ni ìlú tó yẹ kí a ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ìlú Àwórì ni, Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó tí wọ́n fi ń tu àwọn ìyá lójú, sì ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ìtàn Ifá pàápàá ka Ọ̀tà mọ́ ibi tí àwọn ìyá wa, àwọn ẹlẹ́yẹ, fi ṣe ibùjókòó. Láti àwọn ọdún 1850 ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ti ní òjíṣẹ́ níbẹ̀, James White, ọmọ Yorùbá tó ti Sàró bọ̀, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn ọlọ́nà àti olórìṣà ìlú náà. Lónìí, ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta dé Sango, tó yà sí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ilé iṣẹ́ ni yóò máa rí: ti irin, ti rọ́bà, ti oúnjẹ, ti oògùn. Ọ̀nà yẹn kan náà ni Canaanland wà, ibùdó ìjọ Living Faith, tí gbọ̀ngàn ìsìn rẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1999 gba èèyàn tó ju 50,000 lọ, tí Covenant University sì bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà rẹ̀ ní 2002. Olórìṣà, onígbàgbọ́ àti ẹ̀rọ, àwọn mẹ́ta tí kò wo ara ènìyàn bákan náà, jọ ń gbé ìlú kan. Nítorí náà, ìdáhùn tó bá dúró ní Ọ̀tà lórí ọ̀rọ̀ ìhòòhò kì í ṣe ìdáhùn tó sá fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọkùnrin ló ń gbé e, àmọ́ obìnrin ni ó sábà máa ń fi hàn. Kí ọkùnrin tó lè di obìnrin lójú agbo, ó nílò ara mìíràn, agbẹ́gilére ló sì ń pèsè rẹ̀. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń gbẹ́ àyà yìí. Wọ́n á gbẹ́ inú rẹ̀ kó fẹ́lẹ́, kó sì tẹ̀ bí ìdajì igbá kí ó lè gba àyà ẹni tí yóò gbé e. Lójú òde, ọmú méjì á yọ ṣóńṣó; nígbà mìíràn, ikùn aláboyún á tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, ìdodo rẹ̀ á sì yọ síta. Etí rẹ̀ ní ihò tí okùn ń gbà kọjá sí ẹ̀yìn ẹni tó wọ̀ ọ́. Bí a bá gbé e kọ́ sára ògiri funfun, tí a tan iná sí i láti òkè, ohun tí ojú yóò rí ni àyà obìnrin tí kò lórí, tí kò lọ́wọ́, tí kò lẹ́sẹ̀. Ẹni tó mọ ère àwọn ará Róòmù tó ti kán á rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àmọ́ bí a bá yí i padà, inú rẹ̀ á sọ tirẹ̀. Ipa irin iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ gbágungbàgun, nítorí pé ojú kankan kò níṣẹ́ níbẹ̀. Àyà ènìyàn ló ni ín. Ohun tí òǹwòran ń pè ní ara ìhòòhò jẹ́ ohun wíwọ̀.

Kò sì tán síbẹ̀. Lórí àyà onígi yìí ni ìró, ọ̀já àti gèlè ń wá dì sí, títí tí aṣọ á fi wú ìdí oníjó, tí àyà á sì kún. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ìlú ni wọ́n ti ń yá púpọ̀ nínú aṣọ wọ̀nyí, pàápàá ọ̀já ìpọnmọ. Nítorí náà, nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde lọ́sàn-án lẹ́yìn Ẹ̀fẹ̀, ìran òru tó ń ṣáájú rẹ̀, tí ìlù ń pè é, tí irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dá a lóhùn, iṣẹ́ agbẹ́gilére nìkan kọ́ ló ń jó. Ọwọ́ àwọn ìyá tó yá wọn láṣọ wà níbẹ̀, ọwọ́ onílù àti ti ẹni tó ń jó pẹ̀lú. Àwọn àgbà ní ojú tó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran, ìran tí wọ́n sì ń wí ni èyí tó ti wọṣọ, tó ń rìn, tí ìlú yí ká. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá aráyé, tó sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá ti Benin, Nàìjíríà àti Tógò ní 2008, ìṣe náà lódindi ló kọ sílẹ̀: orin, ijó, aṣọ àti ère. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nìkan ló ṣì ń ṣe bí ẹni pé igi ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ère ìbejì fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, babaláwo lè ní kí òbí gbẹ́ ère fún un, nítorí pé ọkàn àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Ère tí wọ́n bá gbẹ́ kì í sábà ga ju ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà lọ. Orí rẹ̀ tóbi, ó tó ìdá mẹ́ta gíga rẹ̀. Irun rẹ̀ ga sókè, wọ́n á sì fi ẹlú kùn ún, nígbà tó yá, wọ́n ń fi búlùú ìfọṣọ ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ kan itan. Ọmú yọ lára abo, nǹkan ọkùnrin yọ lára akọ, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọwọ́ ló kú. Lára èyí tí wọ́n tọ́jú dáadáa, imú ti parẹ́ tán, ẹnu ti di ìlà kékeré, ilà ojú sì ṣòro láti kà. Ìyá ló pa wọ́n rẹ́. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á, ó ń fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu nígbà tó bá ń bọ́ èyí tó wà láàyè. Ó ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí, ó ń rán aṣọ fún un, bí ó bá sì lówó lọ́wọ́, á wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù tí wọ́n to owó ẹyọ sí láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ère yẹn lọmọ, ìdí rẹ̀ ló sì tọ́ sí ìlẹ̀kẹ̀ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ère bẹ́ẹ̀ bá dé ọwọ́ oníṣòwò ère, ẹ̀wù lè ti bọ́ sọ́nà, wọ́n lè fọ osùn dànù kí igi lè dán lójú olówó. Ó wá dúró nínú àpótí gíláàsì bí ọmọ tí kò ní ìyá, a sì ń yin ẹwà ara rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ jà mí níyàn lè bi mí pé: bí aṣọ ni yóò bo ère náà níkẹyìn, kí ló dé tí agbẹ́gilére fi yọ abẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ohun tí a kò ní rí ni a ń ṣe wàhálà lé lórí? Ìbéèrè tó lágbára ni, ìdáhùn rẹ̀ sì wà ní Ọ̀wọ̀. Níbẹ̀ láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àkó fún àgbà tó lọ, ère tí wọ́n gbẹ́ gbọ́dọ̀ jọ olóògbé náà lójú dáadáa, wọ́n á sì wọ̀ ọ́ ní aṣọ olówó iyebíye kí wọ́n tó gbé e yí ìlú ká. Onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, Rowland Abiodun, ti ṣàlàyé àṣà yìí láti 1976. Ìrísí ni àkó wá fi hàn: kí ìlú mọ̀ pé lágbájá ni èyí. Ojú nìkan ló tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ojú ni wọ́n ń gbájú mọ́. Ìbejì kò wá jọ ẹnikẹ́ni. Ibùgbé ló jẹ́ fún ọkàn tó ti lọ, ibùgbé tí kò pé kò sì ṣeé gbé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi fún ọmọ ọwọ́ ní ọmú àti abẹ́ àgbàlagbà: gbogbo ọjọ́ orí tí kò lò ni wọ́n kó fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Abẹ́ tó yọ lára ère wà fún pípé ara náà. Kò sóhun tó ta ko aṣọ nínú ìyẹn, bí kò ti sí ohun tó burú nínú pé ènìyàn tó wọ agbádá ní ara lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ère mìíràn tilẹ̀ wà tí agbẹ́gilére gbẹ́ tírà sí láyà, tó jẹ́ pé ìhòòhò ni wọ́n, síbẹ̀ ààbò ti wà lọ́rùn wọn láti inú igi.

Ṣé àwọn ará ìgbà náà kì í rìn ní ìhòòhò ni, tí ère kàn ń sọ ohun tó rí? Èyí ni àwọn tó ní ojú wa kò tíì là ń gbé kiri, wọ́n sì máa ń fi ère Ifẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ náà kò dúró níwájú ẹ̀rí ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ère idẹ tí wọ́n hú jáde ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀ ní 1957, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 47, fi ọba hàn pẹ̀lú adé lórí, ìlẹ̀kẹ̀ rẹpẹtẹ lọ́rùn àti láyà, aṣọ ní ìbàdí. Àyà tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ìhòòhò. Aṣọ ààfin nìyẹn, a sì to ìlẹ̀kẹ̀ débi pé ara kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè. Ẹ̀wẹ̀, ọmọdé nìkan ni kò séèyàn tó ń bi léèrè aṣọ láyé àtijọ́, ìbejì onígi sì ní ara àgbà. Ara àgbà tó wà ní ìhòòhò lórí ère kò lè jẹ́ àwòrán ohun tí agbẹ́gilére rí lójú títì. Ìpinnu ni. Àwa tí a ń pa á lówe pé aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn kò lè jẹ́ ọmọ àwọn tí aṣọ kò já mọ́ nǹkan lójú wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti kọ́kọ́ fẹ́ kọsẹ̀ ni ẹdan. Kò sẹ́ni tó ń rán aṣọ fún ẹdan. Idẹ ni, akọ àti abo, wọ́n sábà máa ń jókòó tàbí kúnlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn di ìkúùkù kan lé èkejì láyà, òsì lókè ọ̀tún, ìhòòhò ni wọ́n sì wà títí ayé wọn. Bí mo bá ní aṣọ ni ìyókù iṣẹ́, kí ni ìyókù iṣẹ́ ẹdan? Ògiri ilédì, ilé ìpàdé àwọn Ògbóni, ni, àti ìbúra. Ara tó ṣí nínú ilédì ṣí fún àwọn tó ti mulẹ̀ pọ̀, tí ọ̀rọ̀ ilé ọ̀hún kò gbọdọ̀ tẹnu wọn jáde. Àṣírí tí wọ́n jọ dì mọ́ra ni aṣọ rẹ̀. Èyí mú kí n fẹ ọ̀rọ̀ mi lójú díẹ̀ sí i: ohun tó ń bo ara nínú iṣẹ́ ọnà wa lè jẹ́ aṣọ, ó lè jẹ́ osùn, ó sì lè jẹ́ ẹ̀tọ́ láti wò. Gbogbo wọn jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, wọ́n ń dúró láàárín ara àti ojú tí kò ní àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀. Ìpàtẹ tó gbé ẹdan sí àárín yàrá tí ẹnikẹ́ni tó bá san owó ìwọlé lè yí po ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn kan kò sí lára rẹ̀ rí.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ni ti òpó ààfin, tó dúró ní gbangba? Ọ̀kan nínú èyí tó lókìkí jù ni èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ láàárín 1910 sí 1914 fún ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, tó wà ní Art Institute ní Chicago báyìí. Ọba jókòó, ó kéré. Olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga fíofío, ó di ìtẹ́ mú, ọrùn rẹ̀ gùn, ìhòòhò ni. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Fínfín wà lára rẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ìbàdí, irun rẹ̀ ní àpẹẹrẹ tí a kò fi ìkánjú dì. Kò sí ibi tó ṣófo lára obìnrin yìí. Ibi tó dúró sí ló sì ń sọ iṣẹ́ rẹ̀: òun ló gbé òrùlé, ọba sì wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá gba iwájú ọba kọjá mọ̀ pé ìhòòhò yìí kò pè é wá gbádùn ohunkóhun. Ìkìlọ̀ ló gbé dúró nípa ibi tí agbára ti ń wá. Ní 1924, ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ kan náà gbẹ́ fún ààfin yẹn rìn dé Wembley fún ìpàtẹ ńlá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ibẹ̀ ló sì gbà wọ British Museum. Lónìí, ojú ayé ti mọ Ọlọ́wẹ̀ ní ọlọ́nà ńlá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òpó tí kò gbé òrùlé mọ́ ti di obìnrin ìhòòhò lásán.

Pé ìhòòhò lè jẹ́ ìkìlọ̀ kì í ṣe àlá àwọn lámèyítọ́. Ní Adó-Èkìtì ní oṣù kẹrin 2009, nígbà tí àríyànjiyàn bẹ́ lórí àtúndì ìbò gómìnà, àwọn ìyá àgbà tú sí ìgboro láìwọ ẹ̀wù. Gbogbo Yorùbá tó gbọ́ ló mọ ohun tí ìyẹn ń sọ. Ara tó bí ọ, tó fún ọ lọ́mú, tó dájú pé o kò gbọdọ̀ rí, bí ẹni tó ni ín bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣí i sí ọ lójú, èpè ni. Kò sí nínú àwọn ìyá yẹn tí ẹnikẹ́ni bọ́ láṣọ. Àwọn fúnra wọn ló pinnu ìgbà, ibi àti ẹni tí wọ́n ń ṣí i fún. Ohun tí olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Ọ̀tà mọ̀ náà nìyí: àwọn ìyá tí ijó ọ̀hún wà láti tù lójú ni àwọn tí agbára wọn wà lára obìnrin. Ọmú tí agbẹ́gilére gbẹ́, tí wọ́n fi aṣọ àwọn ìyá gan-an bò, ń bẹ̀ wọ́n ni.

Onígbàgbọ́ Ọ̀tà kò ní gbà bẹ́ẹ̀ lọ́rọ̀ kan. Á ní bóyá ó wọṣọ o, bóyá kò wọṣọ o, òrìṣà ni, ìsìn rẹ̀ sì ti kọ̀ ọ́. Mo gbà pé òun tilẹ̀ sún mọ́ òtítọ́ ju àwọn tó ní ẹwà lásán ni, nítorí pé ó mọ̀ pé ère náà ń ṣe nǹkan, pé ó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń wò ó. Bí ó bá fẹ́ kọ ìbéèrè yẹn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìwà àìmọ́ wà nínú ara ère nítorí pé kò wọṣọ. Kí ó wo ọjà Sango. Níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn aláṣọ ni ara rọ́bà ń dúró sí láti àárọ̀ dalẹ́, òmíràn kò ní orí, òmíràn ní ọmú, tó bá di pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, á wà ní ìhòòhò lójú ọ̀nà, àwọn èrò ọkọ̀ á sì máa kọjá. Kò sí ìwàásù kankan lórí rẹ̀. A ti gbà láìsọ̀rọ̀ pé ara yẹn kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, pé ọjà tó gbé dání la wá wò. Ìyẹn fi hàn pé ìhòòhò nìkan kọ́ ló ń dẹ́rù bà wá lára ìbejì. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ló ń dẹ́rù bà wá, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ ìtìjú bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Rọ́bà kan náà ló fún wa ní ẹ̀rí tó lágbára jù. Marilyn Houlberg, tó ṣe ìwádìí nípa ìbejì tó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1973, rí i pé àwọn ìyá kan ti fi bèbí onírọ́bà rọ́pò ère onígi, àwọn mìíràn sì ń lo fọ́tò èyí tó kù láti dúró fún èyí tó lọ. Bèbí wọ̀nyí ti ilé iṣẹ́ jáde, kò ní ilà ojú, kò sì ní abẹ́. Ibẹ̀ dán bọ̀rọ̀. Lójú ẹni tó ń ka ìhòòhò sí àbùkù, ìlọsíwájú nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ìyá ṣe. Ó jọ̀wọ́ igi, ó jọ̀wọ́ ọnà, ó jọ̀wọ́ ara pípé tí agbẹ́gilére ń fún un. Kò jọ̀wọ́ ìtọ́jú. Ó ṣì ń wẹ̀ ẹ́, ó ṣì ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ó ṣì ń bọ́ ọ. Bí ó bá jẹ́ ara ìhòòhò ni ọkàn iṣẹ́ ọnà yìí, kò yẹ kó yè é nígbà tí ara yẹn bá lọ. Ó yè, nítorí pé apá tí ìyá ń ṣe ló gbé e ró. Apá yẹn gan-an sì ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kì í kó wálé.

Ó ku àtakò kan, ti àwọn tó gbọ́n jù nínú àwọn olólùfẹ́ iṣẹ́ ọnà. Wọ́n á ní iṣẹ́ tó dára á máa bọ́ lọ́wọ́ ìlò rẹ̀ àkọ́kọ́; pé kò sẹ́ni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá àwọn ère Gíríìsì padà sí ojúbọ wọn kó tó lè mọyì wọn. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1956, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, Kenneth Clark, sọ pé ìhòòhò nínú iṣẹ́ ọnà jẹ́ ara tí ọlọ́nà ti tún dá, tí ojú kò ní ti ẹnikẹ́ni láti wò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ère Gíríìsì tí Clark fi ṣe òpó ọ̀rọ̀ náà kò funfun nígbà tí wọ́n ṣe é. Ọ̀dà pupa, búlúù àti wúrà wà lára rẹ̀. Òjò àti ọdún ló fọ̀ ọ́. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Vinzenz Brinkmann àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kun àwọn ẹ̀dà ère wọ̀nyí padà tí wọ́n sì pàtẹ wọn ní Munich ní 2003, ọ̀pọ̀ ló rí i pé funfun tí àwọn ti ń yìn láti ọ̀pọ̀ ọdún wá jẹ́ ìjàǹbá, kì í ṣe èrò ọlọ́nà. Ìbejì tó dán nínú gíláàsì rí bákan náà. Ẹwà rẹ̀ kì í ṣe irọ́, àmọ́ àṣẹ́kù ni, ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ìdájọ́ ka orí àṣẹ́kù gbọ́dọ̀ sọ pé àṣẹ́kù ni.

Kí ni ìpàtẹ tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ lè ṣe? Ó lè yí àyà Gẹ̀lẹ̀dẹ́ padà kí a rí inú rẹ̀ àti ihò okùn. Ó lè gbé ọ̀já àti ìró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì sọ ẹni tó máa ń yá ni. Ó lè pàtẹ ẹ̀wù ìbejì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, pẹ̀lú àkọlé níwájú rẹ̀ pé iṣẹ́ ìyá ni, bí wọ́n ti ń kọ ti agbẹ́gilére, kó má sì fi ère tí wọ́n fọ osùn rẹ̀ dànù ṣáájú èyí tó ṣì pọ́n. Ó lè fi ẹdan sí yàrá tí kò mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tàbí kó má tilẹ̀ fi hàn, kó sọ ìdí rẹ̀. Kò sí èyí tó ju agbára ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan ní Èkó tàbí ti Abẹ́òkúta lọ, Ọ̀tà kò sì jìnnà sí àwọn méjèèjì. Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tó ń ya ara ènìyàn ní ìhòòhò lóde òní náà lè rí ẹ̀kọ́ mú nínú rẹ̀. Ère ńláńlá tí Susanne Wenger àti àwọn ọlọ́nà Òṣogbo fi símẹ́ǹtì mọ sí igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 2005, kò wọṣọ. Síbẹ̀ igi, odò àti àwọn olùbọ̀ ló yí wọn ká, ẹni tó bá dé ibẹ̀ ti gba àyè kí ó tó rí wọn. Ẹni tó bá ya ìhòòhò sórí kánfáàsì tí kò sì fún un ní olùtọ́jú, ní ibùgbé tàbí ní àdéhùn kankan pẹ̀lú ojú tó ń wò ó, ara tí ẹnikẹ́ni kò ni ló yà, àwọn ilé iṣẹ́ sì ti ń ṣe irú ara bẹ́ẹ̀ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, lówó pọ́ọ́kú. Ohun tó yẹ kí lámèyítọ́ máa kọ́kọ́ béèrè níwájú ìhòòhò kankan ni ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Bí ìpàtẹ kò bá lè dáhùn, kí a kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ bí iṣẹ́ tí kò tíì parí, kí a sì dẹ́kun àtimáa fi ohun tí ìpàtẹ gbàgbé bú agbẹ́gilére tàbí kí a fi máa yìn ín.